Ìpolówó Tí Kò Ní Ohùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Obìnrin tí ó ń kiri mọ́ínmọ́ín ní ìdájí mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lọ. Ẹni tí yóò rà á ṣì wà lórí ibùsùn. Kò rí igbá, kò sì rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohùn nìkan ni ó kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́. Nítorí náà, obìnrin yìí kì í ka gbogbo èròjà tí ó fi se mọ́ínmọ́ín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè pe gbígbóná rẹ̀, ó lè pe edé inú rẹ̀. Ìwà kan tí ó tayọ ni yóò mú, tí yóò sì máa fi dárà títí oorun yóò fi dá lójú olùgbọ́.

Ọjà kan wà láyé òde òní tí kò ní ohùn tí wọ́n lè fi kiri rẹ̀. Géèmù ni, eré tí wọ́n ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn aládàáṣe wà tí wọ́n ń ṣe é, ẹnì kan tàbí ẹni méjì mẹ́ta tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, wọn a pàtẹ rẹ̀ sí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Àwòrán kékeré kan tí ó wà lójú ìsọ̀ náà, pẹ̀lú orúkọ géèmù lára rẹ̀, ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe fún obìnrin ìdájí yẹn.

Ohun tí àwòrán yìí gbé lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, Eric Barone nìkan ni ó jókòó ti géèmù tí ó ń jẹ́ Stardew Valley fún bí ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Òun ni ó ya àwòrán rẹ̀, òun ni ó ṣe orin rẹ̀, òun náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ amúnijókòó ní ilé ìṣeré kan ní àkókò náà kí owó díẹ̀ lè máa wọlé. Ní oṣù kejì ọdún 2016 ni géèmù náà jáde. Lójú ìsọ̀, orúkọ rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi pákó gbẹ́, ó sì wà láàárín ewéko àti ojú ọ̀run. Ẹni tí ó bá wò ó fìrí ti mọ̀ pé ìgbé ayé oko ni wọ́n ń pe òun sí, kì í ṣe ogun. Iṣẹ́ Barone yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n ní Steam, ìsọ̀ tí ó ṣílẹ̀kùn ní ọdún 2003, ẹnikẹ́ni tí ó bá san 100 dọ́là lórí géèmù kan ni ó lè pàtẹ rẹ̀ láti ọdún 2017. Ní ọdún 2023 nìkan, géèmù tí ó wọ ibẹ̀ ju 10,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gba ọdún lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe wọ́n, tí ojú oníbàárà sì fò wọ́n dá bí ẹni fo ìlà nínú ìwé. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Atari gbé ẹ̀rọ ìṣeré rẹ̀ jáde ní ọdún 1977, inú páálí ni wọ́n ń ta géèmù. Agbára ẹ̀rọ náà kò ju kí ó fi igun mẹ́rin àti ìlà díẹ̀ ṣe àwòrán lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ayàwòrán wá fi ọ̀dà kun ojú páálí lọ́nà tí ó wuyì. Lójú páálí Adventure, tí ó jáde ní ọdún 1980, ààfin àti dírágónì ni ènìyàn rí. Nínú géèmù gan-an, igun mẹ́rin kékeré kan ni akọni, dírágónì sì fara jọ pẹ́pẹ́yẹ. Ohun kan tún wà tí kò sí lójú páálí náà: orúkọ Warren Robinett, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ kì í dárúkọ irú wọn, ó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ sí yàrá ìkọ̀kọ̀ kan nínú géèmù. Ẹni tí ó mọ inú ọjà kò ní ẹnu nínú ìpolówó rẹ̀.

Ìtàn Ico yàtọ̀. Ní ọdún 2001 ni géèmù yìí ti ilẹ̀ Jàpáànì jáde. Ọmọkùnrin oníwo kan ni ó ń fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ la ilé olódi ńlá kan kọjá. Fumito Ueda, olórí àwọn tí ó ṣe é, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun àwòrán tí wọ́n lò ní Jàpáànì àti ní Yúróòpù, ó sì wo ọnà Giorgio de Chirico, ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì, ṣe é. Ènìyàn méjì kéékèèké ń sáré ní gbangba, òjìji wọn gùn, ògiri gíga yí wọn ká, wọ́n sì di ọwọ́ ara wọn mú. Ìdìmú ọwọ́ yẹn ni gbòǹgbò géèmù náà. Ní Amẹ́ríkà, àwòrán mìíràn ni wọ́n lò: ojú ọmọkùnrin náà gbòòrò níwájú, ó mú igi lọ́wọ́, ilé olódi wà lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ kò sí níbẹ̀, nítorí pé gbogbo rẹ̀ wà nínú géèmù. Ṣùgbọ́n ìwà tí ó tayọ ni wọn kò pè. Bí ẹni ń kiri mọ́ínmọ́ín tí ó ń pariwo pé ewé ni wọ́n fi pọ́n ọn ni ó rí.

Síbẹ̀, àwòrán Ueda gan-an kò ní bá ìsọ̀ òde òní mu bí ó ti wà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé páálí wò. Àwòrán orí kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Èyí tí ó kéré jù tí Steam ń gbà jẹ́ 462 ní ìbú àti 174 ní òró, ìsọ̀ náà a sì tún máa sún un kì títí dé 120 sí 45. Níbẹ̀, ènìyàn méjì tí ń sáré yóò di erùpẹ̀. Àwọn tí ó ṣe Hollow Knight ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà, tí iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2017, yẹra fún ọ̀fìn yìí. Ìbòjú funfun kan tí ó ní ìwo méjì àti ihò ojú dúdú méjì ni orí akọni wọn. Òkùnkùn ni ó yí i ká. Bí wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di ìwọ̀n èékánná, ìwo kò ní sọnù, ojú kò ní fọ́.

Àwọn mìíràn rò pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò gbà wọ́n. Wọn a kọ àmì-ẹ̀yẹ, ìyìn àti ẹ̀dínwó kún ara àwòrán títí àyè yóò fi tán. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Steam ti fi òfin dè é: àwòrán, orúkọ géèmù àti àfikún orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù. Òfin náà dà bí ìnira, ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn àgbà ni ó tọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ àròkọ náà lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níhìn-ín: àkọlé àti gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ní láti ka gbogbo ohun tí ó wà nínú àròkọ, kí wọ́n pe èyí tí ó tayọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí òǹkàwé bá dé.

Kókó tí ó gbẹ̀yìn ni èyí. Láti ọdún 2015, ẹni tí ó ra géèmù ní Steam lè dá a padà kí ọjọ́ 14 tó pé, bí kò bá tíì lò ó tó wákàtí méjì. Àwòrán tí ó ṣèlérí ogun níwájú eré oko kò pa olówó rẹ̀ lérè. Ó kàn yá owó oníbàárà ni. Ojúbọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn pẹ̀lú kọ́ ni wọ́n fi ń mú oníbàárà dúró.

Obìnrin ìdájí yóò gba àdúgbò kan náà kọjá lọ́la. Bí ó bá pe mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ní gbígbóná lónìí tí ẹni tí ó rà á sì bá a ní tútù, ohùn rẹ̀ lè dùn ju ti òní lọ ní ọ̀la. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn yóò kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni.