Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n sin Ayaba Ṣébà sí ìtòsí wa níbí?

Ẹ jókòó dáadáa o, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá ń tán lọ, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Òru ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀, ní Ìkòròdú. Iná ti lọ, ooru mú, oorun ò wá. Mo wá ń fi fóònù rìn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Ibẹ̀ ni mo ti já sí ojú ìwé kan, lẹ́tà funfun lórí dúdú, irú èyí tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é gan-an á ti gbàgbé pé òun ṣe é. Wọ́n ní Ayaba Ṣébà, èyí tó lọ kí Sólómọ́nì ọba, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní sàréè rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, àti pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò.

Erédò kẹ̀? Èmi tí mo ń lo họlidé ní Ẹ̀pẹ́ láti kékeré! Ìlú kan ń jẹ́ Erédò níbẹ̀, LCDA kan ń jẹ́ Erédò. Orúkọ lásán ni mo pè é.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: yàrà ni Erédò. Kì í ṣe gọ́tà o. Yàrà tó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ká, bíi kìlómítà 160. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí odi tó wà létí rẹ̀, ó tó mítà 20. Ẹ fi ilé alájà mẹ́fà wé e. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí apá inú títí ó fi di odi. Kò sí katapílà nígbà yẹn, ọwọ́ èèyàn ni. Peter Lloyd ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n Patrick Darling, òyìnbó kan láti Yunifásítì Bournemouth tó wọ igbó lọ wọ̀n ọ́n, ló sọ ọ́ di ìròyìn káyé ní 1999. Ìṣirò tirẹ̀ ni pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ píramídì tó tóbi jù ní Íjíbítì lọ.

Ó wà níbí, wákàtí mélòó kan sí yàrá mi, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi rí. Tíṣà wa ò sọ. Ẹ gbà mí o.

Lọ́jọ́ kejì mo ti kọ àkọlé thread yìí sílẹ̀: “Ayaba Ṣébà, ará àdúgbò wa!” Mo mọ̀ pé yóò rìn. Ṣùgbọ́n mo ní kí n wá ẹ̀rí díẹ̀ kún un, kí àwọn ọlọ́gbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì má wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo kà. Ọ̀kan ní yàrà náà jìn tó kìlómítà 160. Ìyẹn ti kọjá ọ̀run àpáàdì lọ nìyẹn. Àwọn tó kù ń sọ ohun kan náà, gbólóhùn kan náà, títí dé àṣìkọ kan náà: dípò “Oke-Eri,” wọ́n kọ “Oke-Eiri.” Ẹ wò ó, bí ọmọ mẹ́wàá bá ṣe ìdánwò tí gbogbo wọn sì ṣi ìdáhùn kan náà lọ́nà kan náà, ṣé tíṣà tún máa béèrè? Wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́wàá. Ẹnì kan ló sọ̀rọ̀, mẹ́sàn-án da á kọ.

Mo wá lọ sídìí ìtàn náà fúnra rẹ̀. Bíbélì, Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 10, sọ̀rọ̀ ayaba náà, kò dárúkọ rẹ̀. Kùránì sọ ìtàn rẹ̀ nínú Súrà An-Naml, kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ náà. Àwọn onítumọ̀ ló pè é ní Bilqis, èyí tí àwa ń pè ní Bílíkísù. Àwọn ará Etiópíà ní Makeda lorúkọ rẹ̀. Nínú ìwé wọn tó ń jẹ́ Kebra Nagast, ó bí ọmọkùnrin kan fún Sólómọ́nì, Menelik, tó wá di ọba wọn. Ní Yemen, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan wà ní Marib tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ti Bilqis. Ní Aksum, ní Etiópíà, wọ́n máa ń fi àwókù ààfin kan han àlejò pé tirẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn Sólómọ́nì ni wọ́n kọ́ ọ. Gbogbo ayé ló ń fa obìnrin yìí mọ́ra. Àwa náà fà á.

Ohun tó wá pa thread mi ni ọjọ́ orí yàrà náà. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan kó sòdí ti wa ilẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rí fún un sì wà láàárín 1370 sí 1420. Bíi 600 ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Sólómọ́nì ti tó 3,000 ọdún. Kò sí okùn tó gùn tó èyí tí a máa fi so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì! Dátà mi!

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìtóìkín, mo wọ òmíràn níbẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Màmá Ẹ̀pẹ́ la máa ń pè é. Ẹja gbígbẹ ló ń tà, Olúwo ló ti ń rà á. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kò bímọ. Orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ tó tọ́ dàgbà ni àwọn ará ọjà fi ń pè é ní Ìyá Lágbájá, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Ó ń ṣa ẹja, mo ń ka ohun tí mo rí fún un. Sólómọ́nì, “hẹn.” Yemen, “hẹn.” Ìgbà tí mo dé orí Menelik ló gbé ojú sókè.

“Ó bímọ?”

“Wọ́n ní ọkùnrin ni, Màmá.”

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹni tí wọ́n ń kọ yẹn, kì í ṣe Súngbọ́. Súngbọ́ tí wọ́n sọ fún wa, opó ni, olówó ni, kò bímọ. Ìdí tó fi gbẹ́ yàrà nìyẹn, kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Tó bá bímọ, kí ló fẹ́ fi kòtò ṣe?”

Mo dákẹ́. Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo kà, mi ò rí ibi tí ìtàn méjèèjì ti ń ta kora. Mo ń ka ọdún, mi ò ka obìnrin náà.

Ó tún ní, “Èmi náà ti dé Òkè-Ẹ̀rí rí.”

Mi ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó ní nígbà tí òun ṣì wà nílé ọkọ ni, òun àti ọkọ òun jọ lọ. Àwọn èèyàn máa ń lọ síbẹ̀ lọ ṣàdúrà, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, oníṣẹ̀ṣe. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í wọ ibi sàréè náà. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló wọlé. Ó ní ìta lòun dúró sí.

“Sàréè obìnrin, Màmá? Kí obìnrin má wọ̀ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.” Ó ti ń ṣa ẹja padà. “Mo bá a sọ̀rọ̀ láti ìta. Mo ní, Ìyá, ẹ̀yin náà ò bí, ẹ mọ bó ṣe ń rí.”

Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bá a ṣa ẹja.

Kí n sòótọ́ fún yín: ọjọ́ orí yàrà ò sọ fún wa pé obìnrin kan báyìí ló ni ín. Erùpẹ̀ kì í dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó lè jẹ́ ọba ló pàṣẹ, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ìlú ló pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ẹ. Mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí àwọn Ìjẹ̀bú fi orúkọ Súngbọ́ sọ, ìtàn obìnrin tí kò bí ni. Ẹni tó bá fi Sólómọ́nì àti ọmọkùnrin kún un kí ayé lè gbọ́ nípa wa, ó ti gba ọ̀rọ̀ náà gan-an lẹ́nu rẹ̀. Tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, kó wá sọ ọ́, mi ò ní bínú.

Mo kọ̀wé sí mẹ́ta nínú àwọn tó ni ojú ìwé wọ̀nyẹn. Ọ̀kan fèsì, ó dúpẹ́, ó tún “Oke-Eiri” ṣe. Menelik ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Màmá ní kí a lọ wo yàrà náà. Mo ní ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ó ní ṣé ẹsẹ̀ òun ló máa gun ọ̀kadà ni. Ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà gbé wa kọjá ìlú Erédò, ó sọ wá kalẹ̀ létí igbó, a sì fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹnì kan ti gbin ẹ̀gẹ́ dé etí yàrà. Lẹ́yìn ẹ̀gẹ́ náà, ilẹ̀ kàn dédé lọ sísàlẹ̀ ni. Ògiri rẹ̀ pupa, ó dúró gbọnrangandan, gbòǹgbò igi yọ lára rẹ̀, atẹ́gùn tútù ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Kò sí bọ́ọ̀dù kankan. Mo ju òkúta kan sí i, mi ò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀. Ewé ti pọ̀ jù nísàlẹ̀.

Màmá wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Kò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo fẹ́ ya àwòrán, ó ní kí n má ya òun mọ́ ọn, ojú òun ò dáa. Mo ya yàrà nìkan. Ó wá tún gèlè rẹ̀ wé, ó lọ dúró létí rẹ̀, ó kọ ojú sí mi.

“Ó yá, yà mí. Má kọ orúkọ mi síbẹ̀ o.”

Àwòrán náà ló wà nísàlẹ̀ yìí.