Inú Aṣọ Ni Iṣẹ́ Wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ẹni tí ń ṣe ìlérí ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó bá ẹni tí ń gba owó ìránṣọ wí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan, ọmọ Ìbàdàn, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, jẹ́ ẹ̀rí fún èyí.

Ọmọ aránṣọ ni ọkùnrin náà. Abẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ ti ń gé aṣọ ni ó ti kọ́ ìrìn. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó sì máa ń gbọ́ sùn ní alaalẹ́. Kò kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí ìwé ni bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó kà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí ó fẹ́ gbé ọmọbìnrin ilẹ̀ Skọ́tlándì kan níyàwó, ó pinnu pé agbádá tí bàbá òun rán fún òun kí ó tó kú ni òun yóò wọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kílìtì ni òun yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ó fẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ mọ̀ pé òun kò fi ojú kékeré wo àṣà wọn.

Kílìtì kì í ṣe aṣọ tí a lè fi ojú kékeré wò. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń pè é ní síkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n aṣọ ọkùnrin ni. Ní àtètèkọ́ṣe, aṣọ ńlá kan ni àwọn ará òkè ilẹ̀ náà ń dì mọ́ ìbàdí, tí wọ́n sì ń gbé ìyókù rẹ̀ kọ́ èjìká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni èyí tí ó mọ sí ìbàdí nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Culloden ní oṣù kẹrin ọdún 1746, ìjọba tí ó wà ní London fi òfin de aṣọ náà. Ẹni tí a bá mú nígbà àkọ́kọ́ yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Bí a bá tún mú un, a óò kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún 7. Àwọn ọmọ ogun ọba ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ọdún 1782 ni a tó fagi lé e. Nígbà tí ó di ọdún 1822, ọba George Kẹrin fúnra rẹ̀ wọ kílìtì nígbà tí ó bẹ ìlú Edinburgh wò. Aṣọ tí a ti torí rẹ̀ sẹ́wọ̀n ni ó padà di aṣọ ọba.

Rírán rẹ̀ kò rọrùn. Nǹkan bí yáàdì 8 aṣọ olówùú irun àgùntàn ni a ń lò fún èyí tí ó pé. Tátánì ni orúkọ aṣọ náà. Àwọn ìlà aláwọ̀ oríṣìíríṣìí ni ó ń dábùú ara wọn lórí rẹ̀, bátànì kan náà ni ó sì ń padà wá léraléra. Iwájú kílìtì tẹ́ pẹrẹsẹ, apá kan gbé lé èkejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ní ìṣẹ́po, èyí tí àwọn aránṣọ wa ń pè ní pílíìtì. Kì í ṣe pé a kàn ń ṣẹ́ ẹ po bí ó bá ti wá. Aránṣọ ní láti ka àwọn ìlà náà, kí ó sì ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí yóò fi jẹ́ pé, nígbà tí gbogbo ìṣẹ́po bá tò tán, bátànì ẹ̀yìn yóò rí bí ẹni pé a kò ṣẹ́ aṣọ náà po rárá. Láti ìdí títí dé ìbàdí, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa tín-ín-rín sí i kí ó lè bá ara mu. Ọwọ́ ni a fi ń rán ibẹ̀. A kì í sì í ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rán. Etí aṣọ bí ó ti wá láti orí òfì ni ó ń jẹ́ ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àṣìṣe ìwọ̀n kì í fi í ṣeé bò.

Ọkùnrin náà wọ ilé ìtajà kan lọ. Ó sanwó fún kílìtì àfọwọ́rán, oní-yáàdì 8, bátànì ti ìdílé ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ̀n ọ́n kò jẹ́ kí ó bọ́ ṣòkòtò tí ó wọ̀. Orí ṣòkòtò náà ni ó ti na téèpù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó wọ ìbàdí, kò sì wọn ìdí rárá. Ọmọ aránṣọ rí èyí, ó kọ ọ́ lóminú, ṣùgbọ́n ó ronú pé bóyá bí wọ́n ti ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn. Àlejò kì í mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé. Ó dákẹ́.

Ó ku ọjọ́ 12 kí ìgbéyàwó pé kí aṣọ náà tó dé. Nígbà tí ó tú u wò, ara rẹ̀ bù máṣọ. Àwọn ìlà ẹ̀yìn kò bá ara wọn pàdé. Bí ọ̀kan bá lọ sókè, èkejì a gba ìsàlẹ̀ bí eyín arúgbó. Ó wọ̀ ọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ kọjá eékún ní ìka méjì, nígbà tí ó jẹ́ pé agbede-méjì eékún ni ó yẹ kí ó mọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe sí aṣọ gbogbo: ó yí inú rẹ̀ síta. Ẹ̀rọ ni a fi rán an láti òkè délẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì jìnnà síra wọn bí ilé abúlé. Awọ tí a fi ń dì í kò wọ inú aṣọ ju ìpele kan lọ. Ó ti ń fa aṣọ ya.

Ó pe ilé ìtajà náà. Ìdáhùn wọn ni pé aṣọ tí a bá dá fún ènìyàn kan pàtó kì í padà sí ilé ìtajà. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní kí ó fi í sílẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń ṣiyè méjì. Ó ń rò ó pé aránṣọ kan wà níbì kan tí ó rán aṣọ yìí, bóyá tí a sanwó tí kò tó nǹkan fún, tí a sì sọ fún pé kí ó yára. Ṣé òun, ọmọ aránṣọ, ni yóò wá gba oúnjẹ lẹ́nu aránṣọ ẹgbẹ́ bàbá òun? Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọkọ mi, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣé o ti gbàgbé agbádá ọjọ́sí ni?"

Kò gbàgbé. Oníbàárà kan ti gbé agbádá kan padà wá rí, pé ọrùn rẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Bàbá gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó pẹ́, ó sì fi iná àtùpà tú gbogbo ọrùn rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé: "Ẹni tí ó dá aṣọ padà kò bà mí jẹ́. Ẹni tí ó gbé e lọ sílé tí kò wí nǹkan kan, tí ó wá ń wí i ní òde, òun ni ó bà mí jẹ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí padà wá sí i lọ́kàn, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà. Kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí ó dá aṣọ náà, ohun tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn rẹ̀, iye tí ó san, àti àléébù kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹẹsẹ, ó sì fi àwòrán tì í. Ó rán wọn létí òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 1015 + 1000, èyí tí í ṣe ọdún 2015, pé ọjà gbọ́dọ̀ dára tó, kí ó sì bá bí a ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ mu. Lóòótọ́, ẹni tí ó kàn yí ọkàn padà lórí aṣọ tí a dá fún un kò lè fi dandan dá a padà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá ní àléébù, òfin kò yọ aṣọ àdárán sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ 30 tí ó gbà á, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, kí ó sì gba owó rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó fún wọn láyè láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n kí ni yóò wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó? Bàbá ìyàwó ni ó yanjú èyí. Ó lọ gbé àpótí kan wá, ó sì yọ kílìtì tí òun fúnra rẹ̀ fi gbéyàwó ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn jáde. Ó ti sanra jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ta á. Àna méjèèjì yí inú rẹ̀ síta. Ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tò lọ bí èèrà, kò sí èyí tí ó yẹ̀. Kí a kàn ṣí awọ ìdè rẹ̀ nípò díẹ̀ ni ó kù, ó sì bá ọmọ Ìbàdàn náà mu. Òun ni ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bàbá ìyàwó dùn ju bí ẹni pé tuntun ni ó wọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé ìtajà dá aṣọ náà padà. Wọ́n ti mú awọ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n àwọn ìlà ẹ̀yìn ṣì wọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ tún wọn ṣe ní láti tú gbogbo rẹ̀. Òfin wí pé bí àtúnṣe kan bá kùnà, oníbàárà lè kọ ọjà náà. Ọkùnrin náà kọ lẹ́tà kejì, ó sì fi kún un pé ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, ẹjọ́ owó tí kò bá ju 5,000 pọ́n-ùn lọ ní ọ̀nà ìrọ̀rùn kan ní kóòtù Sheriff. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá owó rẹ̀ padà.

Kò fi owó náà ra nǹkan mìíràn. Ó wá ìyá àgbà kan lọ, tí ó ń rán kílìtì nínú ilé rẹ̀. Obìnrin náà ní kí ó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, kí ó ró aṣọ fẹ́lẹ́ kan. Ó wọn ìbàdí rẹ̀, ó wọn ìdí rẹ̀, ó ní kí ó mí, kí ó jókòó, ó sì tún un wọ̀n. Ó wá sọ fún un pé oṣù mẹ́ta ni òun yóò gbà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú kì í dá ọjọ́ tí kò lè pé.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọ kílìtì náà. Kí ó tó wọ̀ ọ́, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dì í mọ́ ìbàdí, tí ó sì lọ gbé ọmọ rẹ̀.