Ẹyẹlé Krofrom: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ẹyẹ Láti Padà Sílé

Bí ẹ bá wọ tírótíró ní Kejetia, láàárín gbùngbùn Kùmásì, tí ẹ sì dorí kọ àríwá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé Krofrom. "Ìlú tuntun" ni orúkọ yìí túmọ̀ sí ní èdè Twi, ṣùgbọ́n adúgbò náà ti gbó dáadáa: ilé alágbàlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé pọ̀, páànù tó ti dípẹtà, àwọn ìyá tó ń dín kelewele lẹ́bàá títì, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ata àti atalẹ̀ rẹ́. Ààfin Manhyia tí Asantehene ń gbé kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹyẹlé ló gbé wa débẹ̀. Abronoma ni àwọn Asante ń pè é, tattabara ni àwọn tó ń sọ Hausa ń pè é, ẹ ó sì gbọ́ orúkọ méjèèjì lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń sìn ín láti jẹ tàbí láti tà. Àwọn tó ń sìn ín fún eré sísá là ń wá ní tiwa, àwọn tó máa ń gbé ẹyẹ lọ sọ́nà jíjìn, tí wọ́n á tú u sílẹ̀, tí wọ́n á sì máa wo ti ta ni yóò kọ́kọ́ délé.

Ilé bàbá kan ni a dé sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kùmásì. Bí a ti kúnlẹ̀ kí i ló ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹyẹ kò fẹ́ ariwo." Àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní ìlú yìí tipẹ́, débi pé àwọn Asante ṣì ń pe ọṣẹ dúdú ní alata samina, Alata sì jẹ́ ọ̀kan lára orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó wá láti ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá tirẹ̀ ní ẹyẹlé lórí òrùlé nígbà náà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kó wọn sínú ọkọ̀ tí ẹrù àti ọmọ ti kún. Ó fi wọ́n ta aládùúgbò lọ́rẹ, ẹni yẹn sì kó wọn lọ sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ṣílẹ̀kùn fún wọn ni wọ́n ń fò padà sórí òrùlé tí kò ní olówó mọ́. A máa ń sọ ọ́ nílé pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Lọ́dún yẹn, onílé ló lọ, ẹyẹlé ló dúró.

Èyí gan-an ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa. A kì í ra àgbà ẹyẹlé láti fi sáré. Ẹyẹ tó bá ti mọ ilé kan, ibẹ̀ ni yóò máa wá. Ẹ lè há a mọ́ fún oṣù mẹ́fà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ilé ẹni tó tà á fún yín ló ń lọ. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á há àgbà náà mọ́, wọ́n á fún un ní oúnjẹ tó dára, wọ́n á fún un ní ìyàwó, wọ́n á sì dúró de ọmọ. Àwọn ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí ojú ọ̀run ní Krofrom, ọmọ Krofrom ni wọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Bí èmi àti bàbá mi ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n mú mi délé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń bi ìyá mi pé ìgbà wo la máa lọ sílé."

Ẹyin méjì ni ẹyẹlé máa ń yé, akọ àti abo á sì jọ sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ méjìdínlógún. Nígbà tí ọmọ bá pé bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, torí bó bá pẹ́ jù, ẹsẹ̀ á ti tóbi. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kó tó mọ fífò dáadáa, wọ́n á gbé e sínú àgò wáyà lórí òrùlé kó lè máa wo àyíká. Ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó tó jẹun. Ọmọ-ọmọ Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń bójú tó àwọn ẹyẹ náà, mi agolo mílíìkì tí àgbàdo wà nínú rẹ̀, ó sì súfèé lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo wọn rọ́ wálé. Ebi díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, kì í ṣe ìyà; ẹyẹ tí ebi ti pa jù kò lágbára láti fò. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní irin tín-ín-rín tó ń ṣí sínú nìkan: ẹyẹ lè wọlé fúnra rẹ̀, kò lè jáde.

Ìgbà yìí ni ìrìnàjò bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan, lẹ́yìn náà márùn-ún, lẹ́yìn náà Ejisu tó tó nǹkan bí 20 kìlómítà, kí wọ́n tó wá kan Konongo tó lé ní 50. Ọ̀nà Accra ni gbogbo rẹ̀ wà, kí ẹyẹ lè mọ ìhà kan dunjú. Wọ́n á gbé wọn sínú apẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ nínú tírótíró, wọ́n á fún wọn lómi nígbà tí wọ́n bá dé, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Òwúrọ̀ tí oòrùn là ló dára jù. Bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, ẹ má ṣe lọ. Lápapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú wọn sílẹ̀, tó bá yá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹyẹ tó ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́ kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀nà? Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan tán. William Keeton ní Amẹ́ríkà so irin onímágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹyẹlé lára: nígbà tí oòrùn là, wọ́n délé; nígbà tí ìkùukùu bo oòrùn, ọ̀pọ̀ ṣìnà. Floriano Papi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ní òórùn inú afẹ́fẹ́ ló ṣe pàtàkì. Ọmọkùnrin náà ní tòun, wọ́n kàn ń rántí ni.

Àwọn ará Belgium ti sọ eré yìí di òwò ńlá: ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n ta abo ẹyẹlé kan tó ń jẹ́ New Kim ní 1.6 mílíọ̀nù yúrò. Ní Krofrom, àgbàdo àti ọkà bàbà ni owó ń bá lọ. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá fẹ́ dán an wò, ẹ jẹ́ kó máa gbá ilé ẹyẹ lójoojúmọ́, kó bo imú, kó sì fọwọ́, nítorí eruku ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ kan ilé ẹyẹ náà sí ìsàlẹ̀, kí ọmọ má baà máa gun páànù.

Àríyànjiyàn kan wà nílé náà nígbà tí a dé. Ọmọ náà fẹ́ gbé ẹyẹ lọ sí Nkawkaw. Bàbá kọ̀, ó ní òkè pọ̀ lọ́nà ibẹ̀, àwòdì sì pọ̀. Wọ́n gbà láti tún Konongo ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ ọmọ náà tú ẹyẹ mẹ́fà sílẹ̀ ní Konongo, ó fi àkókò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí wákàtí kan tó pé, mẹ́rin ti wọlé. Ẹ̀karùn-ún dé lọ́sàn-án, ìyẹ́ ìrù rẹ̀ ti já. Ẹ̀kẹfà ni ọmọ náà fẹ́ràn jù, abo aláwọ̀ eérú tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀.

Kò tíì dé nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́. Bàbá ní bó bá di ọjọ́ kẹta, kó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ọjọ́ márùn-ún."

Bàbá wo òkè fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ọ̀sẹ̀ kan ni."