Ìpáàrà Tí Ó Di Ẹlẹ́rìí

Ọ̀tá irin ni ìpáàrà. Àdá tí a bá fi sílẹ̀ sí ìdí ògiri nígbà òjò kì í pẹ́ kí ó tó pupa. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó bá irin náà dàpọ̀, omi ni ó sì ṣe alágbàtà láàrin wọn. Ohun tí irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ọ́ksáìdì. Kì í ṣe irin nìkan ni ó ní i: síńkì tí a fi ń bo páànù ní tirẹ̀, tánńganran ní tirẹ̀, ti títáníọ̀mù sì ni wọ́n ń fi sínú ọ̀dà ilé kí ó lè funfun. Ìran ìpáàrà yìí ni ọmọ aráyé wá sọ di ẹlẹ́rìí tí ń tú àṣírí ọ̀rinrin.

Àṣírí náà tó ohun tí à ń wá ẹlẹ́rìí sí. Àgbẹ̀ lè sá àgbàdo títí tí yóò fi máa dún kà-kà lábẹ́ eyín, kí ó sì kó o sínú àká pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo gbígbẹ a tún máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rinrin inú àká bá kọjá nǹkan bí ìdá 70 nínú ìdá 100 omi tí afẹ́fẹ́ lè gbà, àgbàdo náà lè bu. Díẹ̀ nínú ohun tí ń hù lára àgbàdo tí ó bu a máa pèsè májèlé aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, tí iná ìdáná kò sì lè pa tán. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 ni ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀; láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rinrin tí ń dá ọ̀ràn náà sílẹ̀ kò sì ṣeé fi ojú rí.

Ó pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá ohun tí yóò rí i. Ní ọdún 1783, Horace-Bénédict de Saussure, ará Geneva, ṣàlàyé ẹ̀rọ kan tí ó fi irun orí ènìyàn ṣe, nítorí pé irun a máa gùn sí i bí ọ̀rinrin bá pọ̀, a sì máa súnkì bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ọ́ksáìdì òde òní kéré ju irun lọ fíìfíì. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanomítà. Ìbú fọ́nrán irun kan tó nǹkan bí 80,000 rẹ̀. Ti ọ́ksáìdì wọ̀nyí kì í sábà ju 100 lọ. Wọ́n ṣe òmíràn bí hóró, òmíràn bí abẹ́rẹ́, òmíràn bí ọ̀pá oníhò. Bí abẹ́rẹ́ sì ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àǹfààní kíkéré náà kò ṣòro í yé ni. Bí a bá ju gbodo sínú omi, ara òde rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rin; bí a bá lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, kíá ni omi yóò kan gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ́ksáìdì tí ó kúnná. Ìpele omi kìn-ín-ní a lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Èyí tí ó bá gorí rẹ̀ kì í dúró gbọin bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni prótọ́ọ̀nù, ìyẹn kóró háídírójìn tí ó ru iná mànàmáná, ti ń bọ́ láti ara omi kan sí èkejì, bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń na bíríkì sí ara wọn níbi ilé kíkọ́. Theodor Grotthuss ti ro irú ìfilélọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1806. Bí omi bá ti ń pọ̀ sí i ni iná ń rí ọ̀nà kọjá sí i, tí ẹ̀rọ sì ń fi nọ́ńbà sọ ọ́ jáde.

Ẹlẹ́rìí yìí ní àléébù. Omi tí ó lẹ̀ mọ́ ọn kì í fẹ́ lọ, eruku àti epo inú afẹ́fẹ́ a sì máa bò ó. Bí ó bá pẹ́, yóò máa fi ọ̀rinrin àná jẹ́rìí sí ti òní. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan gbé ìwádìí jáde lórí amọ̀ sísun oníhò wẹ́wẹ́ kan tí ó ní ọ́ksáìdì títáníọ̀mù nínú. Irú rẹ̀ ni a ń fi ooru gbígbóná fọ̀ mọ́ kí ó lè padà sípò. Ẹ̀rọ tí kò bá gba omi mọ́ra kò lè mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò bá sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀ yóò purọ́.

Bí ó bá sì sọ òtítọ́ tán, ẹ̀rọ kò ní bá ẹnikẹ́ni sá àgbàdo. Ọwọ́ ẹni tí ó ni àká ni ó kù sí: kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó dá àgbàdo padà sí oòrùn, kí àwọn ọmọ tí yóò mu ògì rẹ̀ má baà fi ẹ̀dọ̀ wọn san gbèsè ohun tí a ti sọ fún àgbà.