Láti Liverpool Road dé Inú Igbó Lẹ́kí

Ẹni tó bá jí ní Liverpool Road, ní Àpápá, fèrè ọkọ̀ àjàgbé ni yóò kọ́kọ́ kí i káàárọ̀, kì í ṣe ohùn ẹyẹ. Kòǹténà lọ́tùn-ún, kòǹténà lósì. Láti ibẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi, ọmọ ọdún 9, ti gbéra lọ sí Lekki Conservation Centre.

Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1990 láti dáàbò bo igbó àti irà Lẹ́kí. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni afárá tí wọ́n ta sókè láàárín igi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Bí a ti ń gun un ló ń mì. Àbúrò mi di aṣọ mi mú pinpin, àfi ìgbà tí ọ̀bọ kan fò kọjá tó gbàgbé ẹ̀rù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí kò sí irú èyí ládùúgbò wa?”

N kò tètè dáhùn. Irà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tiwa náà tẹ́lẹ̀. Iyanrìn ni a fi dí i kí èbúté àti ilé lè rí àyè. Irà a máa gba omi òjò dúró. Nígbà tí a dí i, omi ń wá ibùgbé rẹ̀ àtijọ́ nínú yàrá wa.

Nígbà tí a padà dé, ọmọ náà mu omi inú ọ̀rá tán, ó na ọwọ́ sí gọ́tà, ó sì dúró. Ó ká ọ̀rá náà, ó kì í bọ àpò.