Erékùṣù Tó Wà Lójú Ọ̀nà Rélùwéè Wa

Àbúrò mi, fa àga sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ń gbé Mọ́níyà bí tiwa kò nílò aago láti mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ti fẹ́ gbéra, torí fèrè rẹ̀ a máa dún wọ inú yàrá. Ìgbà tó dún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni ìwọ na fóònù sí mi, o ní kí n wo erékùṣù kan ní Maldives, omi rẹ̀ mọ́ gaara, yanrìn rẹ̀ funfun bí èlùbọ́ láfún, o sì ti ń fi ìka ka owó ọkọ̀ òfúrufú tí yóò gbé ìwọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ débẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tiwa ni mo rántí.

Nígbà náà, ẹni tó bá kó ọmọ lọ wo kìnnìún ní ọgbà ẹranko Yunifásítì lọ́jọ́ kejì Kérésì ti ṣe bẹbẹ. Ó ṣe díẹ̀, gbogbo ayé ní Bar Beach l'Ékòó ni àwọn ń lọ. Òkun jẹ etíkun yẹn títí, wọ́n kó yanrìn dí ojú omi rẹ̀, ilé gogoro ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí. Ó kan Dubai, ó kan Zanzibar, ó wá kan Maldives. Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ibi tí aládùúgbò ti ya fọ́tò wá ló máa ń wu èèyàn lọ, a kì í sábà bi ọkàn ara wa léèrè ohun tó ń wá. Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n ti àwa ti yí padà, a ti yí oko olóko ká tán, a kò tíì dé oko baba wa.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí rélùwéè ti kọ́kọ́ gbé ará Ìbàdàn lọ sí erékùṣù? Ọdún 1901 ni irin kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, Ìddó ni ìdí irin náà wà, omi ló sì yí Ìddó ká nígbà náà. Àwọn Àwórì tó bá Olófin, olórí wọn, wá láti Ìṣẹrì tẹ̀dó síbẹ̀ kí ọ̀tá má baà yọ sí wọn lójijì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rékọjá sí erékùṣù kejì tí à ń pè ní Èkó. Àwọn ìyá wa tó ń wọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ kò pe ìyẹn ní ìrìn ìgbafẹ́, ọjà ni wọ́n ń ná. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, kìlómítà 157 ló jẹ́ láti Mọ́níyà dé Èbúté-Mẹ́ta. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, omi kò jìnnà sí ọ mọ́.

Tarkwa Bay l'Ékòó ni ti àwọn tó fẹ́ wẹ̀. Kò sí afárá tó dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni. Òkúta tí wọ́n tò sínú òkun nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹnu èbúté Èkó fún ọkọ̀ ńlá ló ń gba ìjà ìgbì, omi ibẹ̀ sì rọlẹ̀ ju ti etíkun yòókù lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, àwọn ológun ojú omi lé ọ̀pọ̀ ẹbí kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí. Bí o bá lọ, ọwọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù ni kí o ti ra ẹja.

Ṣùgbọ́n bí ìrìn kan ṣoṣo ni owó rẹ gbé, Àgbádárìgì ni kí o kó àwọn ọmọ lọ, kí ẹ wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu. Kí o tó pa àlọ́ kan tán, ọkọ̀ á ti gúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rin ìyókù nínú yanrìn, láàárín igi àgbọn, ọ̀sà lẹ́yìn yín, òkun níwájú, atẹ́gùn á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, ojú á sì dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n fi ọ̀nà náà ṣe. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé wọ́n á fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí ó lè gbàgbé ilé, kí ó má baà rántí ọ̀nà àbọ̀. Iwájú ni etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀, ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ kì í padà.

Àbúrò mi, kò sí bí a ó ti sọ ọ́ tí kò ní kan ilé wa. Ogun tí àwọn baba ńlá wa jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó ẹrú nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ẹrú ogun wọ̀nyí ni wọ́n sì tà títí dé etíkun. Ìdí rèé tí mo fi ń pè é ní oko baba wa. Nígbà tí mo mú ọmọ-ọmọ mi obìnrin débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ń jó fún fóònù wọn létí omi, inú wọn dùn, mi ò sì bá wọn wí. Ọmọ-ọmọ mi dúró ti kànga, ó bi mí pé bí ẹni tó mu omi náà bá gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ta ni yóò máa sọ ọ́ fún un? Mi ò rí èsì fọ̀. A jọ rìn dé etí òkun láì sọ̀rọ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá wá gùn, Ganvié ń bẹ ní ilẹ̀ Benin, lórí adágún Nokoué, níbi tí àwọn Tofinu sá lọ kọ́lé sórí òpó láàárín omi kí àwọn akónilẹ́rú Dahomey má baà rí wọn mú. Erékùṣù Gorée ń bẹ níwájú Dakar, mọ́tò kì í rìn níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 1978. Maldives kò ní sá lọ. Dé àwọn wọ̀nyí ná.

Kí o ná owó ọkọ̀ kí o tó wọ inú rẹ̀, kí o sì rí i pé gbogbo ọmọ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹ ó lò lórí omi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ní Gberefu, ẹ má wẹ̀ nínú òkun rárá, torí omi ibẹ̀ a máa fa èèyàn lọ. Bí o bá ti mú ọjọ́, ya ilé mi. Àárọ̀ kùtù ni kí a wọkọ̀, ìwọ ni kí o san tèmi, èmi ni n ó gbé àkàrà dání.