Orúkọ Kan Lọ́wọ́ Akọ̀wé Mẹ́ta

Nígbà tí a wà ní kékeré, ọdọọdún ni bàbá kan máa ń gbé iṣu mẹ́wàá wá sí ilé wa lẹ́yìn ìkórè. Idohou ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ogouchina ni a ó pe tiwa níhìn-ín, kí a má baà tú àṣírí ilé síta. Wọ́n sọ fún wa pé àlejò ni bàbá náà, pé láti Ìmẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀ ti mú un dé ní kékeré, pé ilé wa ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ó ń ro fún un, àti pé ìṣákọ́lẹ̀ ni iṣu náà. A gún un, a jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè nǹkan kan.

Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ti jáde ní orílẹ̀-èdè wa, ìwé ni olúkúlùkù ń wá lórí ilẹ̀ oko. Àwọn àgbà ilé wa pé jọ láti pinnu orúkọ tí wọn yóò fi sílẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé kí a kọ ilé wa nìkan gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, kí a sì kọ àwọn Idohou gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tọrọ ilẹ̀ ro. Ìyá àgbà wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, nìkan ni ó sọ pé: “Ẹ rọra ṣe é, ẹ̀yin ọmọ mi. Oríkì kan náà ni ìyá mi fi ń kí bàbá mi àti Ìdòwú, kí Ìdòwú tó lọ.” Wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ọmọdé ni ó jẹ́ nígbà náà. Kí ọ̀rọ̀ lè tán, wọ́n rán àwa tí a jẹ́ olùkọ́ sí ìjọ Kátólíìkì tí àwọn bàbá wa ti ṣe ìrìbọmi, pé kí a lọ wo ìwé àtijọ́. Kí a má parọ́, ohun tí a fẹ́ rí ni pé ìyá àgbà ṣì í sọ.

Ìwé náà tóbi, etí rẹ̀ sì ti gbó. Ó ní orúkọ ẹni tí a rì bọmi, ti baba àti ìyá rẹ̀, ti olùgbọ̀wọ́ rẹ̀, àti ti aba tí ó ti wá. Létí ojú ìwé ni wọ́n máa ń kọ ìgbéyàwó sí bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó yá. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi wá Ogouchina láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1940. A kò rí i.

Ojú ni a fi ń wá ohun tí ó yẹ kí a fi etí wá. Ní ọdún 1875 ni àwọn ìjọ tí ó wà ní Èkó ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, etí Faransé ni a fi gbọ́ orúkọ. Ṣàbí di Chabi, Òjó di Odjo, Fágbohùn di Fagbohoun, Ìdòwú di Idohou. Akọ̀wé tí ó gbọ́ “ṣ” dáadáa á kọ “ch”. Èyí tí kò gbọ́ ọ á kọ “ss”. Àgbẹ̀ tí ó dúró níwájú rẹ̀ kò mọ ìwé, kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, a gba àṣẹ, a mú ìyá àgbà lọ. A ń ka orúkọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Nígbà tí a ka “Ogounchina”, ó ní: “Ògúnṣínà nìyẹn, bàbá bàbá mi.” Ìbejì ni ó wà lórí ojú ìwé náà, Taïwo àti Kèhindé, Abèkè sì ni orúkọ ìyá wọn. Taïwo ni bàbá bàbá wa. Létí ibẹ̀, ọwọ́ mìíràn ti kọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì pè é ní Joseph Ogouchina. Ibẹ̀ ni orúkọ tí à ń jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa kò ní orúkọ ìdílé. Orúkọ baba ni akọ̀wé fi ṣe é fún ẹnì kan, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ṣe é fún ẹlòmíràn.

Ìyá àgbà ní kí a máa ka á lọ. “Ẹni tí ó bí ìbejì, ṣé kò ní bí Ìdòwú ni?” Ojú ìwé mélòó kan lẹ́yìn èyí ni a bá Pierre Idohou: baba rẹ̀ ni Ogoussina, ìyá rẹ̀ ni Abèkè, aba kan náà. A kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí ó kù, ìyá àgbà ni ó sọ ọ́ fún wa. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àgbègbè Kétu, Ìdòwú sá fún iṣẹ́ òpò àti iṣẹ́ ológun àwọn Faransé, ó sì kọjá ààlà tí àwọn òyìnbó fà ní ọdún 1889, èyí tí ó fi Kétu sí ọwọ́ kan, tí ó fi Ìmẹ̀kọ sí ọwọ́ kejì. Ibẹ̀ ni ó kú sí. Ìgbà tí wọ́n fi òpin sí iṣẹ́ òpò ní ọdún 1946 ni aya rẹ̀ mú ọmọ wá sílé. Táíwò ti kú, Kẹ́hìndé pẹ̀lú. Orúkọ Idohou ni ó wà nínú ìwé ọmọ náà, àwọn tí ó bá nílé kò sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a ka ohun tí a rí fún àwọn àgbà, ẹnì kan sọ pé ìwé ìrìbọmi kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwé náà kò wọn oko fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni Táíwò àti Ìdòwú, a kì í sì í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé. Ìpàdé mẹ́ta ni ó gbà kí wọ́n tó fẹnu kò. Orúkọ méjèèjì ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà: Idohou ṣì ni Idohou, àwa náà ṣì ni Ogouchina.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, bí ẹ bá ń wá àwọn àgbẹ̀ tí ó bí yín, ẹ má ṣe gbára lé lẹ́tà. Ẹ ka orúkọ síta fún àgbàlagbà. Ẹ wo orúkọ ìyá, ẹ wo aba, ẹ wo ẹni tí a bí tẹ̀lé ìbejì. Ẹ sì tètè lọ, nítorí ìwé lè dúró dè yín, àgbàlagbà kò lè dúró títí.

Lẹ́yìn ìkórè tí ó tẹ̀lé e, bàbá wa ní kí a di iṣu mẹ́wàá, a sì bá a gbé e lọ sí ilé bàbá náà. Ó wo iṣu, ó wo bàbá wa. “Kí ni èyí?” Bàbá wa dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, iṣu ni.” Bàbá náà dákẹ́ pẹ́, kí ó tó ní kí a gbé e wọlé. Iṣu mẹ́wàá kò lè san ti àádọ́ta ọdún, gbogbo wa ni a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.